Bí A Ṣe Ń Jẹ Ìrẹsì àti Yógọ́ọ̀tì Kí Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Má Baà Ga Jù

Nígbà tí wọ́n sọ fún màmá mi pé àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé sọ ni pé kí wọ́n má ṣe fẹnu kan ìrẹsì mọ́. A kó ìrẹsì kúrò nínú ilé. Àmàlà àti ẹ̀bà rọ́pò rẹ̀, òkèlè wọn sì pọ̀ ju ìrẹsì tí à ń sá fún lọ. Ní alaalẹ́, a máa ń ra ìgò yógọ́ọ̀tì kan fún wọn, nítorí a gbà pé wàrà ni, a sì gbà pé wàrà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Oṣù méjì kọjá, ṣúgà wọn kò wálẹ̀. Ìgbà tí a jókòó tí a wọn oúnjẹ wọn, tí a sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò náà, ni a tó rí i pé ohun tí a lé gba ẹnu ọ̀nà iwájú, àwa kan náà ni a tún ń mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ìrẹsì ti padà sínú ilé wa báyìí, yógọ́ọ̀tì náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jẹ wọ́n ti yàtọ̀. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, fún ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti sún mọ́ ọn, àti ní pàtàkì fún ẹni tí ń dáná fún wọn, nítorí ọwọ́ ẹni tí ó mú ṣíbí ìrẹsì dání ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà

Bí ẹ bá ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tí ẹ ń lo oògùn bíi glibenclamide tàbí glimepiride tí ó máa ń mú kí ara tú ínsúlíìnì jáde, ẹ má ṣe ṣàdédé gé ìrẹsì yín sí ìdajì láì kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n oúnjẹ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n oògùn yín. Bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò sì dín kù, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí òógùn bo ènìyàn, kí ojú sì máa ṣú u. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ti wà lábẹ́ 70 (mg/dL), ẹ mu kóró ṣúgà mẹ́rin tí ẹ ti pò mọ́ omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Yógọ́ọ̀tì kọ́ ni kí ẹ sáré gbé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rá àti èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa mọ́ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó fi yógọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà kún oúnjẹ rẹ̀, torí pé pọtasíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti èròjà amáradàgbà inú wọn lè pọ̀ jù fún un.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ nọ́ńbà yín

Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà nílé ni adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìrẹsì kan náà, ìwọ̀n kan náà, lè gbé ṣúgà ẹnìkan sókè gan-an kí ó má sì ṣe ẹnìkejì ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò yín ṣe òfin fún ara yín.

Ẹ wọn ṣúgà yín kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé òkèlè àkọ́kọ́ ni mo sọ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ jẹun tán. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ní àtọ̀gbẹ, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ń fẹ́ ni kí ṣúgà wà láàárín 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kí ó má sì tó 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Dókítà lè yan nọ́ńbà mìíràn fún aláboyún, fún arúgbó tí ó ti di ẹgẹrẹmìtì, tàbí fún ẹni tí ó ní àìsàn mìíràn, ti dókítà ni kí ẹ sì tẹ̀lé. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba yóò rí nọ́ńbà kékeré bíi 7 tàbí 8.5 lórí ẹ̀rọ tiwọn. Bí wọ́n bá fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, wọn yóò rí nọ́ńbà tí àwa ń lò nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn ìrẹsì

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí jù.

Bí a bá jẹ ìrẹsì, sítáàṣì inú rẹ̀ ni ara máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ di ṣúgà tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìrẹsì sísè tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi gíráàmù 28 èròjà afáralókun, ìyẹn sítáàṣì àti ṣúgà lápapọ̀, nínú. Iṣu sísè tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi 27. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn tó. Ẹni tí ó sá fún ìrẹsì tí ó wá lọ jókòó ti àwo iyán ńlá kò tíì sá kúrò níbì kankan. Bí ẹ ti ń bù ú sí ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá orúkọ oúnjẹ jà.

Ohun ìwọ̀n tí ó rọrùn jù lọ wà nínú ilé ìdáná yín. Ẹ mú agolo mílíìkì olómi kékeré tí ẹ ti lò tán, èyí tí ó ń gba nǹkan bíi mílílítà 160, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ lu etí rẹ̀ pẹlẹbẹ kí ó má baà gé yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Agolo yìí tí ó bá kún dọ́gba ẹnu fún ìrẹsì sísè, tí a kò kì í mọ́lẹ̀, yóò ní nǹkan bíi gíráàmù 30 èròjà afáralókun. Agolo kan ààbọ̀ yóò ní nǹkan bíi 45. Àárín agolo kan sí agolo kan ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ìjókòó. Obìnrin tí kò tóbi púpọ̀ tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ agbára lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agolo kan. Ní ilé wa, nígbà tí a kọ́kọ́ fi agolo wọn ohun tí a máa ń bù fún màmá mi, ó lé ní agolo mẹ́rin. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì ní, “Ṣé gbogbo èyí ni mò ń jẹ?” Ìrẹsì náà kò sì yọ òkìtì nínú àwo rárá, nítorí pé àwo wọn jìn.

Torí náà, ẹ pààrọ̀ àwo. Àwo pẹrẹsẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi abọ́ jíjìn sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ẹ bu ìrẹsì sínú àwo kí ẹ tó gbé e wá sórí tábìlì, kí ìkòkò sì dúró sí ilé ìdáná. Bí ìkòkò bá wà nítòsí, ọwọ́ yóò tún padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń sè fún gbogbo ilé, ẹ rántí pé ìrẹsì máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Agolo tútù kan yóò di nǹkan bí agolo mẹ́ta tí ó bá jinná. Èyí á jẹ́ kí ẹ mọ iye tí ẹ ó wọ̀n láti inú dẹ́ríkà yín, kí ìyókù má baà máa pe yín ní òru.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ irú ìrẹsì tí ẹ ń sè

Sítáàṣì inú ìrẹsì pé oríṣi méjì. Ọ̀kan rí bí okùn gígùn tí ó dì mọ́ra, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó fọ́ nínú ìfun. Èkejì ní ẹ̀ka púpọ̀, kì í sì í pẹ́ fọ́. Ìrẹsì tí wóró rẹ̀ máa ń dá dúró lẹ́yìn tí ó bá jinná, bíi básímátì, sábà máa ń ní èyí àkọ́kọ́ ju ìrẹsì rírọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ra lọ. Ìrẹsì tí ilé iṣẹ́ ti bọ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó bó o, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àpò tí à ń rà lọ́jà, náà sábà máa ń rọra gbé ṣúgà sókè ju funfun tí wọn kò bọ̀ lọ.

Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí a fi orúkọ ìlú Ọ̀fadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn pè, àti ìrẹsì Ìgbemọ tí ó ń wá láti Èkìtì, ní àǹfààní tiwọn bí wọn kò bá bó wọn já pátápátá. Háhá tí ó kù lára wọn ní fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ìfun wa kì í lè fọ́ di ṣúgà, àti èròjà aṣaralóore. Ṣùgbọ́n ẹ wo wóró rẹ̀ lójú kí ẹ tó rà á: bí ó bá funfun báláú, a jẹ́ pé wọ́n ti bó háhá náà lọ, orúkọ nìkan ni ẹ ń sanwó fún. Èyí tí háhá ṣì wà lára rẹ̀ pàápàá, agolo kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé Ọ̀fadà kò ní ṣúgà, inú mi sì máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹ àwo méjì.

Tùwó ìrẹsì, èyí tí a rò títí tí kò fi ní wóró mọ́, máa ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀nba díẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí. Àwọn ènìyàn gbà pé bí a bá bọ ìrẹsì ní ẹ̀ẹ̀mejì tí a sì da omi funfun rẹ̀ nù, a ti da ṣúgà rẹ̀ nù. Sítáàṣì ara wóró díẹ̀ ni omi yẹn ń gbé lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù ṣì wà nínú wóró gan-an. Ẹ máa fọ ìrẹsì yín kí ó mọ́, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ bí ẹ bá ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ bù kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fún ìrẹsì ní ẹgbẹ́ rere

Ẹ fojú pín àwo pẹrẹsẹ yẹn sí mẹ́rin. Ìdá méjì rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewé ùgú, ilá, kábéèjì, kùkúḿbà, tàbí ẹ̀wà eléépo tútù tí à ń gé sínú ìrẹsì díndín. Ìdá kan jẹ́ ti ẹja, ẹyin, adìẹ tàbí ẹran tí kò lọ́ràá púpọ̀. Ìdá kan tí ó kù ni ti ìrẹsì. Ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ìrẹsì funfun dùn gan-an; àṣà tí a fi fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún òkèlè nìkan ló jẹ́ kí ó ṣàjèjì sí wa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìrẹsì pọ̀ lójú láì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ se é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà ní sítáàṣì, ṣùgbọ́n fáíbà àti èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ máa ń fa ìrìn ṣúgà sẹ́yìn. Ẹ̀wà ni kí ó pọ̀ ju ìrẹsì lọ nínú ìkòkò náà, kí ẹ sì fi agolo wọn àpapọ̀ wọn. Mọ́ínmọ́ín ẹgbẹ́ ìrẹsì náà dára, pàápàá èyí tí a fi ẹyin àti ẹja sí. Dòdò ni kò yẹ kí ó bá ìrẹsì wà nínú àwo kan náà, nítorí sítáàṣì ló ń pàdé sítáàṣì níbẹ̀, a sì tún ti fi òróró din ín. Bí ọkàn yín bá fà sí dòdò, ẹ din ìrẹsì kù sí ìdajì agolo, kí ẹ sì mú ègé mẹ́ta péré.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ yí bí ẹ ṣe ń jẹun padà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran, kí ìrẹsì sì kẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ti yẹ èyí wò láàárín àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì rí i pé ṣúgà kì í ga tó bí ó ti máa ń ga nígbà tí sítáàṣì bá ṣíwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ kan náà ni. Mo mọ̀ pé ó ta ko bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ bu ẹran jẹ nígbà èwe wa, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ni. Ìparí oúnjẹ ni ẹran ń dé ẹnu. Ó gba màmá mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìtìjú tó kúrò lára wọn láti jẹ ẹja kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìrẹsì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì díndín àti ìrẹsì àná

Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà kì í ṣe ìṣòro nínú jọ̀lọ́ọ̀fù. Òróró rẹ̀ ni ẹ ní láti ṣọ́, kì í sì í ṣe torí sísanra nìkan. Ọ̀rá máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, nípa bẹ́ẹ̀ ṣúgà lè dára ní wákàtí méjì kí ó sì ga ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló ti fi èyí tan ara wọn jẹ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tàbí ayamáṣe tí epo bò lójú, ẹ tún ṣúgà wọ̀n ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Bí ẹ bá ń se é nílé, ṣíbí ìjẹun kan òróró fún ẹni kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ má ṣe fi ṣúgà pa kíkan tòmátì. Ẹ dín in pẹ́ títí kíkan rẹ̀ yóò fi lọ.

Ìrẹsì tí a sè, tí ó sùn nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, tí a wá tún gbé kaná, kì í sábà gbé ṣúgà sókè tó èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, nítorí apá kan nínú sítáàṣì rẹ̀ máa ń dì nígbà tí ó bá tutù, ìfun kì í sì í lè fọ́ ọ mọ́. Àǹfààní rẹ̀ kò pọ̀ tó kí ẹ tìtorí rẹ̀ fi agolo kún agolo. Ewu sì wà nínú rẹ̀: kòkòrò kan wà lára ìrẹsì tí iná kì í pa tán, bí ìrẹsì bá sì pẹ́ níta, kòkòrò yìí máa ń pọ̀ sí i, ó sì ń tu májèlé tí gbígbóná kò lè mú kúrò. Ẹ tẹ́ ìrẹsì náà sórí àwo fífẹ̀ kí ó tètè tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí kan tó kọjá, ẹ jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì gbé e kaná ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo títí èéfín yóò fi máa jáde lára rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ, tí kò sí ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ dà á nù. Mo mọ iye tí ìrẹsì jẹ́ lọ́jà, síbẹ̀ ẹ dà á nù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka ara ìgò yógọ́ọ̀tì

Yógọ́ọ̀tì gidi kò ju wàrà tí kòkòrò rere ti mú kan lọ. Kòkòrò náà ń jẹ lára láktóòsì, ìyẹn ṣúgà tí Ọlọ́run dá mọ́ wàrà, ó sì ń sọ ọ́ di kíkan. Ìyẹn ni ó fi dára fún wa, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kì í lè lo láktóòsì dáadáa. Inú wọn á máa hó, á sì máa ṣí lẹ́yìn ife wàrà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti wà lára àwọn oníṣègùn tí ó ṣe ìwádìí èyí ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1971. Wọ́n rí i pé àwọn Fúlàní tí ń da màlúù máa ń lè gba wàrà mọ́ra ju Yorùbá lọ. Ẹni tí wàrà ń dà nínú rú lè rí i pé yógọ́ọ̀tì kò da òun láàmú.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà kí àwọn tí ń ṣe yógọ́ọ̀tì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé jíjẹ ife méjì, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ lè dín ewu níní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n sọ pé ẹ̀rí tí ó wà fún un kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò tíì ní in ni ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sọ pé yógọ́ọ̀tì ń wo àtọ̀gbẹ sàn, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ó lè ta ọjà rẹ̀ kò sọ òtítọ́.

Nínú yógọ́ọ̀tì tí kò ní àdùn kankan, gíráàmù 100 sábà máa ń ní èròjà afáralókun tí ó wà láàárín gíráàmù 4 sí 7. Èyí tí wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ kúrò kí ó lè ki, tí wọ́n ń pè ní ti Gíríìkì, máa ń kéré sí i ní ṣúgà, èròjà amáradàgbà rẹ̀ sì máa ń tó gíráàmù 9 tàbí 10. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ó ṣàn, tí ó sì dùn bí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ yí ìgò náà sí ẹ̀yìn kí ẹ wá ìlà èròjà afáralókun, tí wọ́n kọ ní “carbohydrate”. Bí wọ́n bá kọ 13 fún mílílítà 100, tí ìgò náà sì jẹ́ mílílítà 500, gíráàmù 65 ni gbogbo rẹ̀. Kóró ṣúgà kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4, nípa bẹ́ẹ̀ ìgò yẹn dà bí kóró ṣúgà 16. Ó ju ìrẹsì agolo méjì lọ, mímu ni ẹ sì mu ún, kò sí jíjẹ tí yóò dá a dúró. Ìgò tí à ń rà fún màmá mi ní alaalẹ́ nìyẹn.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ “kò lọ́ràá” gbọ́ láì ka ìlà yẹn, torí nígbà mìíràn wọn a máa fi àdùn rọ́pò ọ̀rá tí wọ́n yọ. Bí orúkọ ṣúgà bá wà lára ohun mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe é, ẹ gbé e padà sí ibi tí ẹ ti mú un. Oyin kò yàtọ̀: ṣíbí ìjẹun kan oyin ní nǹkan bíi gíráàmù 17 ṣúgà. Dàbínù pẹ̀lú dùn jù fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sí i ni ẹ̀pà sísun, àgbọn tí a rin tí kò ní ṣúgà, tàbí ègé ìbẹ́pẹ mélòó kan.

Fúrà tí a pò mọ́ nónò ní ọkà nínú, oúnjẹ odidi sì ni. Ẹ má ṣe mu ún tẹ̀lé ìrẹsì. Nónò tí wọn kò sè lè gbé àìsàn wá láti ara màlúù, nítorí náà ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó máa ń se wàrà rẹ̀. Wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ewé bọmùbọmù mú dì kò fi bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà, ó sì dára púpọ̀ nínú ọbẹ̀ ata ní ipò ẹran.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣe yógọ́ọ̀tì tiyín

Bí èyí tí kò ní àdùn bá wọ́n tàbí tí kò sí ní àdúgbò yín, ẹ lè ṣe é. Ẹ pò ife kan ààbọ̀ mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ lítà omi kan. Ẹ rí i dájú pé wàrà nìkan ló wà nínú mílíìkì náà, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti fi ọ̀rá ewéko àti àdùn lú. Ẹ gbé e kaná lórí iná kékeré títí yóò fi fẹ́ hó, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka yín tí ẹ ti fọ̀ mọ́ lè wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá láì ta yín, ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, tí kòkòrò rere ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, mọ́ ọn. Ẹ bò ó, ẹ fi aṣọ nínípọn wé e, kí ẹ gbé e sínú kúlà tí a ti pa dé fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá láì mì í. Bí ó bá ti dì, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ki, ẹ dà á sínú aṣọ mímọ́ bí èyí tí a fi ń sẹ́ ògì, kí omi rẹ̀ máa ro. Apá kan nínú ṣúgà wàrà yóò bá omi náà lọ.

Yóò kan. Ẹ fún ẹnu yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó mọ́ ọn lára, ẹ̀yin tí ẹ ti ń mu ògì kíkan láti kékeré.

Ìwọ̀n tí mo dámọ̀ràn ni ìdajì ife sí ife kékeré kan lójúmọ́, kí ẹ sì ka ṣúgà rẹ̀ mọ́ ti ìrẹsì bí ẹ bá jẹ wọ́n pọ̀. Ní gúúsù Íńdíà, ìrẹsì tí a pò mọ́ yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, ẹ sì lè dán an wò pẹ̀lú iyọ̀, ata tútù àti kùkúḿbà. Ní ilé wa, ibi tí ó ti wúlò jù ni orí kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì rírin, níbi tí ó ti gba ipò ọ̀rá dídùn inú ìgò tí à ń dà sí sàláàdì tẹ́lẹ̀. Sàláàdì yẹn ni màmá mi máa ń kọ́kọ́ jẹ kí wọ́n tó kan ìrẹsì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ní òde àríyá

Ẹ má ṣe fi ebi lọ sí òde. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹyin díẹ̀ nílé, nítorí oúnjẹ lè pẹ́ kí ó tó kàn yín. Bí àwọn agbóúnjẹ bá dé, ẹ béèrè mọ́ínmọ́ín àti ẹja ṣáájú, kí ẹ bẹ ẹni tí ń bù ú pé kí ó fi ìrẹsì mọ ní ṣíbí kan. Bí ó bá ti bù ú jù, ẹ fi ṣíbí yín fa ìlà láàárín rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹni tí ẹ jọ jókòó ní ìyókù. Omi ni kí ẹ mu. Bí wọ́n bá wá fi yógọ́ọ̀tì ìgò ṣe yín lálejò, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sínú báàgì fún àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ rìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn oúnjẹ, kó tó di pé ẹ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Iṣan ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀. Àgbàlá ilé tó, kò pọn dandan kí ó jẹ́ pápá ìṣeré.

Ẹ wá mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ ọjọ́, irú ìrẹsì, iye agolo, ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́, ṣúgà kí ẹ tó jẹun àti ṣúgà lẹ́yìn wákàtí méjì. Torí owó tí sítíríìpù tí a fi ń wọn ṣúgà ń ná wa, kò di dandan kí ẹ wọn gbogbo oúnjẹ. Oúnjẹ ìrẹsì mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Ẹ má ṣe yí ju ohun kan lọ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ irú ìrẹsì ni ẹ fẹ́ dán wò, ẹ fi iye agolo àti ọbẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí nọ́ńbà kejì bá ń ju 180 lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ dín ìrẹsì kù ní ìdá mẹ́rin agolo kí ẹ tún un wò ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, ibi tí ẹ wà yẹn ni ìwọ̀n tiyín. Bí nọ́ńbà àárọ̀ kí ẹ tó jẹun bá sì ń ga bí oúnjẹ tilẹ̀ dára, ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oògùn ni ó yẹ ní títúnṣe. Màmá mi kọ tiwọn sí ẹ̀yìn ìwé orin ìjọ. Ojú ewé méjì péré ni dókítà wọn kà kí ó tó yí àkókò tí wọ́n ń lo oògùn alẹ́ padà.